Jíjọra Nínú Iṣẹ́ Ọnà Yorùbá

Jíjọra wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń díwọ̀n iṣẹ́ agbẹ́gilére, ìyẹn ẹni tí ń gbẹ́ igi di ère, ó sì túmọ̀ sí pé kí ère náà jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi dá a mọ̀. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 1973, bá àwọn tí ó mọ ère dájọ́ sọ̀rọ̀, ó sì rí i pé jíjọra ní ìwọ̀n: ère tí kò jọ ènìyàn rárá kò wù wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹ́ kí ó jọ ẹnì kan ní àjọjù, débi tí ìhunjọ ojú àgbàlagbà yóò fi hàn lára igi. Ìdí nìyí tí arúgbó fi ń dà bí ọ̀dọ́ nínú ère, tí ère ìbejì tí a gbẹ́ fún ọmọ ọwọ́ tí ó kú sì ń ní ara àgbà, tí abo inú wọn tilẹ̀ ń yọ ọmú.

Ní ìlú Ọ̀wọ̀ nígbà àtijọ́, wọ́n ti ìwọ̀n náà síwájú gan-an. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin òkú ẹni ńlá, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa ṣe àkó fún un, èyí tí í ṣe ère tí ó ga tó ènìyàn, tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n gbé jókòó kí ará ìlú wá wò ó, kí wọ́n tó gbé e yí ìlú ká lọ sin. Bí aṣọ ti bo ara rẹ̀, ojú ni gbogbo ènìyàn ń wò, ojú náà sì gbọ́dọ̀ jọ ti olóògbé dé ibi pé ó kù kí ó fọhùn.

Frank Willett, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, fi àkó yìí wé àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938, nítorí pé ihò wà ní ọrùn wọn, èyí tí a lè fi kàn wọ́n mọ́ ara igi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè àti ìpéǹpéjú wọn jọ ti alààyè gan-an, síbẹ̀ kò sí arúgbó kankan láàárín wọn.