Ohun Tó Yẹ Kí Alábòójútó Sáfà Rí

ÌBÉÈRÈ
Ẹ̀gbọ́n, mò ń kọ ètò kan tí àwọn alábòójútó sáfà ilé iṣẹ́ wa yóò máa fi àṣẹ títẹ̀ darí lójú terminal. Ọ̀nà mẹ́ta ni sẹ́tíǹgì rẹ̀ ń gbà wọlé: èyí tí a kọ mọ́ ètò náà, èyí tó wà nínú fáìlì lábẹ́ /etc, àti èyí tí èèyàn bá tẹ̀ mọ́ àṣẹ. Ọ̀gá mi ní bí alábòójútó bá fẹ́ rí sẹ́tíǹgì, kí a kàn da fáìlì náà sójú terminal bó ṣe wà. Ẹnì kejì mi ní kí a to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n lé ní 200. Èwo ni ká ṣe?
Akọ̀wé-ètò, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN
Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó kọ ọ́. Mi ò fara mọ́ ti ọ̀gá rẹ rárá. Bí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀ láago méjì òru, iye tí ètò náà ń lò gan-an ni alábòójútó ń wá, fáìlì kan ṣoṣo kò sì lè sọ ọ́ fún un.

Wo sshd, ètò OpenSSH tó ń ṣílẹ̀kùn sáfà. O lè ṣí sshd_config, kí o rí "PasswordAuthentication no" níbẹ̀, kí ọkàn rẹ balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé. Ṣùgbọ́n iye tí sshd bá kọ́kọ́ kà ló ń mú, kì í wo èyí tó bá dé lẹ́yìn. Nínú Ubuntu, òkè fáìlì yẹn ni ìlà Include wà, òun ló ń pe àwọn fáìlì inú sshd_config.d wọlé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé "yes", ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn, fáìlì tí o ń wò sì ń sọ fún ọ pé ó tì. Àṣẹ "sshd -T" ló ń ka gbogbo wọn pọ̀, tó sì ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sọ fáìlì tí iye kọ̀ọ̀kan ti wá.

Má jẹ́ kí tìrẹ ní àbùkù yẹn. Láti ọdún 2016 ni Git ti ní "--show-origin", tó ń kọ orúkọ fáìlì síwájú sẹ́tíǹgì kọ̀ọ̀kan. PostgreSQL tiẹ̀ dáa jù ú lọ: nínú pg_settings, wàá rí fáìlì, wàá rí nọ́ńbà ìlà, wàá sì rí èyí tí wọ́n ti yí padà àmọ́ tí kò tíì ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi tún sáfà náà tan. Ẹni tó bá mọ fáìlì àti ìlà, àtúnṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ kò burú, ó kàn pọ̀ jù ni. Ṣe bíi Postfix: "postconf -n" ń fi kìkì èyí tí alábòójútó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ hàn, "postconf" lásán sì ń kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ní tìrẹ, kúkurú ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbogbo rẹ̀, kó béèrè.

Ní ti ọ̀rọ̀ aṣínà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tó bá hàn lójú terminal, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, wọn yóò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti fi béèrè ìrànlọ́wọ́. "aws configure list" máa ń fi ìràwọ̀ bo kọ́kọ́rọ́, lẹ́tà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ aṣínà kúkurú kò yẹ kó fi ẹyọ kan hàn: kọ "ó wà" tàbí "kò sí", ó tó.

Jẹ́ kí àṣẹ rẹ lè kọ èsì rẹ̀ jáde ní JSON pẹ̀lú, fún àwọn tí ètò mìíràn yóò bá wọn kà á.

Kí ẹ tó kọ ìlà kan, pe ọ̀gá rẹ sídìí sáfà kan, kí ẹ ṣí sshd_config, kí ẹ tẹ "sudo sshd -T", kí ẹ sì jọ fi méjèèjì wéra.