Ọkọ́ Ni Yóò Ṣíwájú Ajílẹ̀ Nínú Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Ní oṣù kẹfà ọdún, nígbà tí iṣu ògbólógbòó bá ti tán tí iṣu titun kò sì tíì jáde, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ́wọ́ ebi. Nítorí náà, ọgbà tí koríko bá pa kì í ṣe ìtìjú lásán. Oúnjẹ àwọn ọmọ ni ó bá a lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ tí ń mú àgbàdo hù ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni ó ń mú koríko hù pẹ̀lú. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé onílé a ra ajílẹ̀ òyìnbó, a sì dà á sí àárín koríko, nítorí ó rò pé àgbàdo yóò fi agbára rẹ̀ bo koríko mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò koríko ti tàn ká ilẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ ajílẹ̀ náà. Owó á lọ, koríko á sanra, àgbàdo á sì pọ́n.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbígbìn ni koríko ń pa àgbàdo lára jù lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó yẹ kí a ro ọgbà ní àkókò yìí: nígbà tí àgbàdo bá pé ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, àti nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Bí a bá ti ro ti àkọ́kọ́ tán ni kí a tó fi ajílẹ̀ sí i.

Bí a bá rí 15-15-15 lára àpò ajílẹ̀, ìwọ̀n oúnjẹ mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ ni a kọ síbẹ̀. Èkíní ń mú ewé tutù, èkejì ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́, ẹ̀kẹta sì ń fún igi ọ̀gbìn ní okun. Kí a gbẹ́ ihò kékeré sí ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan sí ìdí àgbàdo, kí a fi ajílẹ̀ sínú rẹ̀, kí a sì fi erùpẹ̀ bò ó. Bí ó bá kan igi tàbí ewé, yóò jó o. Ilẹ̀ tútù ni a ń fi í sí. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá ṣú, kí a dúró, kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ.

Ẹni tí kò ní owó ajílẹ̀ òyìnbó lè lo ìgbẹ́ adìẹ. Kí ó kó o jọ títí ooru inú rẹ̀ yóò fi tán, nítorí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa jó gbòǹgbò. Ṣáájú gbígbìn ni a ń pò ó mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀kan ni alágídí láàárín àwọn koríko. Àdá kò pa á, iná kò sì pa á, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn. Ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gún iṣu ní àgúnyọ. Ègé kékeré tí ó bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ yóò tún hù. Nígbà tí òjò bá ń parí lọ, kí ilẹ̀ tó le, ni kí a fi ọkọ́ hú u, kí a ṣa gbòǹgbò rẹ̀ jáde, kí a sì sá a sí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn títí yóò fi gbẹ. Bí òjò bá padà dé, kí a gbin ẹ̀gúsí tàbí ọ̀dùnkún síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a máa tàn bo ilẹ̀, ẹ̀kan kò sì fẹ́ràn ibi tí oòrùn kò dé.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Koríko tí a bá fà tu kí ó tó so èso kò ní fi irúgbìn sílẹ̀ de ọdún tí ń bọ̀. Kí olúkúlùkù onílé rántí pé ọkọ́ ni yóò ṣíwájú, kí ajílẹ̀ tó tẹ̀ lé e.