Ẹ Fara Balẹ̀ Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lùwé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ethers.js lọ́wọ́ láti máa fi bá Ethereum sọ̀rọ̀, bí àwọn àgbà ti ń wí pé ẹyin lohùn, pé bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, àfi bí ẹni pé iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń wò. Nítorí láti ọdún 2015 tí Ethereum ti ń ṣiṣẹ́, owó tí a bá ti buwọ́ lù, tí ó sì ti wọ inú block, kò sí mánijà báńkì tí a lè lọ bẹ̀ pé kí ó dá a padà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya ìbéèrè sọ́tọ̀ kúrò lára ìbuwọ́lù. Provider ni a fi ń béèrè iye tí ń bẹ nínú àdírẹ́sì kan tàbí ohun tí ó wà nínú block àná, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò sì gba kọ́kọ́rọ́ àṣírí kankan. Signer ni ó ń buwọ́ lùwé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan inú kóòdù tí bùráúsà ń kà. Àpamọ́wọ́ MetaMask tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà ni kí ẹ jẹ́ kí ó buwọ́ lù ú, torí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye owó ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Ether kan ṣoṣo, 1,000,000,000,000,000,000 wei ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà lásán ti JavaScript, bí ó bá ti ré kọjá 9,007,199,254,740,991, kò ṣeé gbára lé mọ́ láti dá odidi iye kan mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, iye yìí kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ether! Ìdí nìyí tí ẹ̀dà kẹfà ethers fi gbé ìṣirò rẹ̀ lé BigInt lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá ti tẹ iye rẹ̀ ni kí ẹ ṣe fà á lé parseEther lọ́wọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó ni ó ní ipò 18 lẹ́yìn àmì ìdá: 6 ni ti USDC orí Ethereum, ẹni tí ó bá sì fi parseEther ṣírò rẹ̀ ti sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000,000,000,000. Ẹ bi contract náà léèrè decimals rẹ̀, kí ẹ sì lo parseUnits.

Bí ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́ tán, hash tí ó bọ́ sí yín lọ́wọ́ kì í ṣe rìsíìtì. Nọ́ńbà tí wọ́n fún aláìsàn ní ọsibítù kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ pe wait, kí ẹ sì dúró. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ni a fi sí àárín block kan àti èkejì, ti yín sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ bí èrò bá pọ̀; ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, tí ó tún un rán pẹ̀lú nonce tuntun, ìyẹn nọ́ńbà ìtẹ̀léra mìíràn, lè san owó ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó olówó kọ́ṣẹ́. Sepolia tí í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánwò wà níbẹ̀, ether orí rẹ̀ kò níye lórí. Kí ètò yín sì máa wo chainId kí ó tó gba ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni: 11155111 ni ti Sepolia, 1 ni ti Ethereum gan-an.