Gbígba Yàrá ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Kò sí ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń fi ojú méjèèjì wá tó ibùgbé, nítorí pé àdírẹ́sì ilé ni báńkì máa ń bèèrè kí ó tó ṣí àpò owó fún ènìyàn, òun ni dókítà àdúgbò ń kọ sínú ìwé, òun náà sì ni agbanisíṣẹ́ àti ilé-ìwé ń fi ìwé ránṣẹ́ sí. Owó odidi ilé ga ju ohun tí apá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lè ká, nítorí náà yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbà nínú ilé tí àwọn ẹlòmíràn náà ń gbé, tí wọn yóò sì jọ máa lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lé gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti fìdí kalẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn òfin tí ó mẹ́nu bà jẹ́ ti England nìkan, nítorí pé Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin ilé gbígbé tiwọn.

Peckham, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark, ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń darí àlejò, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ní òpópónà Rye Lane, èlùbọ́, ata rodo, ẹja gbígbẹ àti aṣọ àǹkárá kò ṣòro rí, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ pọ̀ ní Old Kent Road tí kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n owó yàrá ní Peckham ti gòkè gan-an bí àwọn olówó ṣe ń kó wá sí àdúgbò náà, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá sì wà báyìí ní Thamesmead, Woolwich àti Abbey Wood níhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ti mú Abbey Wood àti Woolwich súnmọ́ àárín ìlú, àmọ́ Thamesmead fúnra rẹ̀ kò ní ibùdókọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ dé Abbey Wood. Owó ọkọ̀ ojú irin ní ìlú yìí ni wọ́n ń ṣírò gẹ́gẹ́ bí agbègbè tí wọ́n ń pè ní zone, tí Peckham wà ní ìkejì, tí Abbey Wood sì wà ní ìkẹrin, nígbà tí owó bọ́ọ̀sì kì í lé sí i bí ọ̀nà ṣe ń jìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé yàrá kan kò wọ́n, ó yẹ kí ó ro owó ọkọ̀ oṣù kan mọ́ owó yàrá náà, bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ òru ni yóò máa ṣe, kí ó wádìí bóyá bọ́ọ̀sì òru ń gba àdúgbò náà kọjá.

Kókó tó yẹ kí àlejò mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé ẹni tí òun àti àlejò jọ ń lo ilé ni òfin máa ń wò láti mọ ààbò tó tọ́ sí àlejò náà. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá ń gbé inú ilé náà, tí òun àti ẹni tó gba yàrá sì jọ ń lo ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀, lodger ni wọ́n ń pe ẹni náà, ìyẹn ẹni tó ń sanwó gbé lọ́dọ̀ onílé. Ààbò lodger kéré: onílé lè ní kí ó kó jáde lẹ́yìn tí ó bá ti fún un ní àkókò tó bójú mu, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń san owó, kò sì nílò àṣẹ ilé-ẹjọ́. Ti ayálégbé tí onílé rẹ̀ ń gbé ibòmíràn yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé òfin ọdún 1977 tó ń dáàbò bo ayálégbé sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún onílé láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, láti da ẹrù ènìyàn síta tàbí láti máa yọ ọ́ lẹ́nu kí ó lè sá kúrò. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè pàṣẹ pé kí ó jáde. Òfin tuntun ti ọdún 2025 tí wọ́n ń pè ní Renters' Rights Act tún fi kún ààbò yìí láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2026: onílé kò lè lé ayálégbé mọ́ láìsọ ìdí tí òfin fọwọ́ sí, àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí kò sí mọ́, ayálégbé sì lè kúrò nígbàkígbà bí ó bá ti fi oṣù méjì sọ tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó kan lodger nínú àwọn àyípadà tuntun yìí.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun burúkú láti jẹ́ lodger, nítorí pé òun ló sábà máa ń rọrùn jù fún ẹni tí kò tíì ní ìwé ẹ̀rí owó oṣù, onílé náà sì ní ìdí láti gbà á, nítorí pé ìjọba kì í gba owó orí lórí £7,500 àkọ́kọ́ tó bá rí lọ́dún lórí yàrá tí ó ti kó àga àti ibùsùn sí nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ewu tòótọ́ wà níbi tí ẹni tó ń gba owó kì í ti í ṣe onílé rárá. Ẹni tó ń gbé ilé ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tó fìdí múlẹ̀ lè gba lodger sọ́dọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kó kúrò tí ó sì fi gbogbo ilé náà gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó ti ṣẹ̀ sí òfin ọdún 2013 tó dojú kọ irú jìbìtì bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìjọba bá sì gba ilé padà, àwọn tó ti sanwó yàrá fún un ni ìyà máa ń jẹ jù. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kò gbọ́dọ̀ fò ènìyàn: ta ló ni ilé yìí gan-an, ṣé ẹni tó fẹ́ gba owó náà sì ń gbé inú rẹ̀?

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń nira fún ọmọ Yorùbá láti bi àgbà. Ẹni tó ní yàrá lè jẹ́ àǹtí nínú ìjọ, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ tàbí ará ìlú kan náà, ojú sì lè máa ti àlejò láti bèèrè ìwé àdéhùn tàbí rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é lóore, kí ó má baà dà bí ẹni pé kò fọkàn tán an. Ìtìjú yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ sínú wàhálà. Bíbèèrè rìsíìtì kò ní àrífín kankan nínú. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí àǹtí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ṣì lè fi owó yàrá ránṣẹ́ láti báńkì, kí ó kọ oṣù tí owó náà wà fún sí i, kí ó sì ní kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ojú ewé kan tó sọ iye owó, ọjọ́ tí wọn yóò máa san án àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo àǹtí náà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì wà lára ohun tí wọn kì í sọ fún àlejò. Ẹni tó ń dá gbé ní ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́rin owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, ìyẹn council tax, ẹ̀dínwó náà sì máa ń lọ nígbà tí àgbàlagbà mìíràn bá wọlé, àyàfi bí ẹni náà bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo gbogbo àkókò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Nítorí èyí, àwọn onílé kan máa ń gba owó yàrá tán kí wọ́n tó sọ pé àlejò kò gbọ́dọ̀ lo àdírẹ́sì náà fún báńkì tàbí ilé ìwòsàn. Yàrá tí ènìyàn kò lè fi orúkọ rẹ̀ gba lẹ́tà kò yanjú ohun tí ó torí rẹ̀ wá yàrá, nítorí náà ó yẹ kí ó bèèrè kí ó tó san kọ́bọ̀.

Nípa owó, àṣà Èkó kò bá ti England mu. Níbí, oṣooṣù tàbí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san owó ilé, òfin ọdún 2019 sì ti fòfin de owó kọmíṣọ̀n àti owó ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ayálégbé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fún lodger. Owó tí a fi ń di yàrá mú kí wọ́n má baà fún ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó ìdógò, èyí tí onílé ń tọ́jú nítorí ohun tó bá bàjẹ́ tàbí gbèsè, kò sì gbọ́dọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, níwọ̀n ìgbà tí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000. Bí yàrá bá jẹ́ £800 lóṣù, ìṣírò náà ni kí a sọ £800 di ìlọ́po 12, kí a pín in sí 52, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 5, èyí tó jẹ́ £923.08. Ìṣírò yìí kan náà ló ń tú àṣírí yàrá tí wọ́n bá kọ £200 lọ́sẹ̀ sí: kì í ṣe £800 lóṣù, bí kò ṣe nǹkan bí £867. Tẹ́lẹ̀, onílé máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní onídùúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2026, onílé ayálégbé kò lè bèèrè ju ti oṣù kan lọ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ àdéhùn.

Ìjọba tún fi dandan lé e fún onílé láti wádìí bóyá àlejò ní ẹ̀tọ́ láti gba ilé, ìlànà tó gba gbogbo England láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2016, tó sì kan ẹni tó gba lodger pẹ̀lú. Ẹni tó ní físà orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò gba nọ́ńbà ẹ̀rí kan láti ojúlé ìjọba, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R tó sì ń wúlò fún 90 ọjọ́. Nọ́ńbà náà ni kí ó fún onílé, kí ó má ṣe fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ìdógò.

Kò sí yàrá tó yẹ kí a sanwó rẹ̀ láìrí i, àwòrán rẹ̀ ìbáà dára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ẹni tó ṣì wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kò lè wá wò ó. Ó sàn kí ènìyàn sùn lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi rí èyí tí ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìn ibùsùn àti igun ògiri bóyá ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́ tí ohun dúdú sì ń hù sí i lára, kí ó bèèrè bóyá owó iná, gáàsì, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú owó yàrá, nítorí pé iná tí ń mú ilé gbóná lè gbówó púpọ̀ ní ìgbà òtútù. Ilé tí ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé, tí wọn kì í ṣe ìdílé kan náà, tí wọ́n sì jọ ń lo ilé ìdáná, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, yàrá tí àgbàlagbà kan ń sùn nínú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kéré ju mítà 6.51 níbùú lóròó lọ. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń ní àkọsílẹ̀ ilé tó ní ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè wò.

Onílé ayálégbé gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò pamọ́ láàárín 30 ọjọ́ sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ìjọba yàn, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè ní kí ó san ìlọ́po kan sí mẹ́ta owó náà fún ayálégbé. Owó ìdógò lodger kò sí lábẹ́ ètò yìí, èyí tó tún jẹ́ ìdí kan sí i tí ó fi yẹ kí ó ní rìsíìtì. Ní ọjọ́ tí ayálégbé bá wọlé àti ọjọ́ tí ó bá ń jáde, kí ó ya àwòrán gbogbo igun yàrá, nítorí pé bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí owó náà, ilé-iṣẹ́ yẹn yóò dá sí i lọ́fẹ̀ẹ́, onílé ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé nǹkan bàjẹ́. Ímeèlì ayálégbé fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n fi forúkọ owó náà sílẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó bá a wá yàrá, kí ìwé tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn tí ó ti kó lọ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.