Kọ̀ǹpútà Ọ̀fẹ́ Ń Náni Lówó

Ìbéèrè: Wọ́n fún ẹgbẹ́ wa, tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn, ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Akápò wa ní ìnáwó ti tán nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọjọ́ tí ẹ gbà á ni ìnáwó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá Windows 10 ló wà lórí wọn, torí Microsoft ti fòpin sí ìtọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Èyí tó bá ti gbó jù nínú wọn kò ní lè gba Windows 11. Linux, tó lè rọ́pò Windows, lè gbà á là lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹni tó máa fi sí i, tó sì máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín, yóò gbowó. Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ló máa wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ààbò rẹ̀ ṣeré.

Kí ẹ lè rówó ra òmíràn bí wọ́n bá gbó, ẹ kọ iye tí kọ̀ǹpútà tuntun kan ń lọ lọ́jà sílẹ̀, ẹ pín in sí ọdún mẹ́rin, kí ẹ máa tọ́jú ìdá kan pamọ́ lọ́dọọdún fún ìkọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni fún bátìrì ínfátà, bí òun ló bá ń fún wọn níná. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí àwọn olùrànlọ́wọ́, ẹ béèrè owó ìtọ́jú pẹ̀lú owó ìrajà.