Ayùn Tí Ó Mọ Egungun Yàtọ̀ Sí Ẹran

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí egungun. Ẹ fojú sí àmì ohùn rẹ̀ dáadáa o: egungun ni mo wí, n kò pe egúngún!

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wà ní ọjọ́ orí tí eyín tí ó gbẹ̀yìn máa ń hù ní kọ̀rọ̀ ẹnu, láàárín ọdún 17 sí 25. Eyín yìí kì í sábà ráyè tó. Nígbà mìíràn ṣe ni ó máa ń dùbúlẹ̀ sínú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, àfi kí dókítà gé egungun díẹ̀ kí ó tó lè yọ ọ́. Ibẹ̀ ni ewu wà. Inú egungun yìí gan-an ni iṣan tí ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára gbà kọjá. Bí irinṣẹ́ bá ṣèèṣì kàn án, ètè lè kú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí títí ayé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ ẹ̀bà kí ọbẹ̀ máa ṣàn sí i lágbọ̀n, kí ó má sì mọ̀.

Ayùn àti ẹ̀rọ tí ń yí bírí-bírí ni a fi ń gé egungun láti ọjọ́ pípẹ́. Leonardo Gigli, oníṣègùn ará Ítálì, gbé ayùn onírin tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn jáde ní 1894, wọ́n sì ń lò ó di òní. Àbùkù kan náà ni gbogbo wọn ní: ohun tí ó gé egungun yóò gé iṣan. Wọ́n tún máa ń gbóná. Ní 1983, Eriksson àti Albrektsson ní Sweden fi egungun ehoro hàn pé bí egungun bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan péré, ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo irinṣẹ́ tuntun náà. Ní 1880, ní Paris, Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i pé bí a bá tẹ irú àwọn òkúta kan, bíi quartz, iná mànàmáná a jáde lára wọn. Ní 1881, Gabriel Lippmann fi ìṣirò sọ pé òdì-kejì rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀: bí a bá fi iná sí òkúta náà, yóò nà tàbí kí ó súnkì. Àwọn Curie dán an wò, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí iná tí a fi sí i bá ń yí padà kíákíá, òkúta náà yóò máa gbọ̀n. Bí a bá so abẹ kékeré mọ́ ọn, abẹ náà yóò bá a gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 25,000 sí 30,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju 20,000 lọ, nítorí náà a kò lè gbọ́ ìró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn abẹ náà kò ju 0.06 sí 0.2 mìlímítà lọ. Èmi ń pè é ní ayùn agbọ̀nrìrì. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ ọ́ sí olóòtú.

Ẹ̀rọ tí oníṣègùn eyín fi ń họ ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín láti àwọn ọdún 1950 jẹ́ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ìyẹn kò ká egungun. Tomaso Vercellotti, oníṣègùn eyín ní Genoa ní Ítálì, ni ó sọ ọ́ di irinṣẹ́ egungun ní ìparí àwọn ọdún 1990.

Kí ló dé tí kò fi gé ẹran? Ẹ mú àdá, kí ẹ ṣá igi gbígbẹ: yóò dá. Ẹ fi àdá kan náà ṣá aṣọ tí a sá sórí okùn ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì: aṣọ náà yóò bá àdá lọ ni. Egungun le, kò lè yẹ̀, nítorí náà abẹ yóò họ ọ́. Iṣan àti awọ rọ̀, wọn a bá abẹ gbọ̀n. Ó tó ìgbà 50,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó gé àwọn wọ̀nyẹn. Ẹyin adìẹ tútù ni àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà fi máa ń dánra wò: wọn a gé èèpo rẹ̀ láìfa awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ya.

Ẹ má rò pé kò lè ṣeni léṣe o. Bí dókítà bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, gbígbọ̀n rẹ̀ a dínkù, a di ooru, ooru sì ń jó iṣan. Ọwọ́ fúyẹ́ ni ó fẹ́, pẹ̀lú omi oníyọ̀ mímọ́ tí ń dà sí i lórí láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣègùn, tí ẹ ń lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Alakahia, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ayùn lásán ti mọ́ lọ́wọ́ ni ó sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ jù.

Ó lọ́ra ju ẹ̀rọ tí ń yí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kì í sábà wú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ rẹ̀ wọ́n, ó sì ń jẹ. Iná tí kò dúró sójú kan kò bá a lára mu. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe gbogbo eyín ni ó yẹ kí a ná owó yẹn lé lórí. Bí àwòrán X-ray bá fi hàn pé gbòǹgbò eyín jìnnà sí iṣan, ẹ̀rọ àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọṣẹ́ ti tó. Bí gbòǹgbò bá fara kan ojú ọ̀nà iṣan, ẹ bi dókítà yín bóyá ayùn agbọ̀nrìrì wà ní àrọ́wọ́tó, kí ẹ tó lanu.