Ṣé owó ni wọ́n fi ń gba béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá?

Ìbéèrè: Ọlọ́pàá mú àbúrò mi lórí ẹ̀sùn olè. Wọ́n ní kí n mú owó béèlì wá, àti pé obìnrin kò lè ṣe oníduùró. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ oníduùró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe oníduùró fún àbúrò yín, tí ó sì sá, ọrùn yín ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà.

Bí wọn kò bá fi í sílẹ̀, abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ méjì tàbí àsìkò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tí adájọ́ bá rí pé ó tọ́. Adájọ́ lè ní kí ẹ fi owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn á dá a padà nígbà tí ẹjọ́ bá parí, bí kò bá sá. Bí ẹ kò bá lówó agbẹjọ́rò, ẹ tètè lọ sí Legal Aid Council.